Owó-orí Gẹ́gẹ́ Bí Èrè Olúkúlùkù

Ìjà owó-orí Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969, kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn àgbà. Abájọ tí wọ́n fi ń fura sí òfin owó-orí tí Ilé Aṣòfin méjèèjì ní Àbújá fọwọ́ sí ní 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, 2026.

Bí èrè ẹni bá ju ₦800,000 lọ lọ́dún, ṣé gbogbo rẹ̀ ni a ó bu owó-orí lé? Rárá o. ₦800,000 àkọ́kọ́ bọ́. Oníṣòwò gààrí ní Igbó-Ọrà tí ó jèrè ₦1,000,000, lẹ́yìn tí ó ti yọ owó gbágùúdá, igi ìdáná àti ọkọ̀, yóò san 15 nínú 100 lórí ₦200,000 tí ó lé: ₦30,000. Ìwọ̀n náà ń gòkè dé 25 nínú 100 lórí èrè tí ó kọjá ₦50,000,000, èyí tí kò wọ́pọ̀ ní Ẹ̀rúwà. Kí oníṣòwò máa kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lè fi han agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.