Bí Ẹ Bá Fẹ́ Jẹun ní Hótẹ́ẹ̀lì Onítẹ́tẹ́ ní Douala

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta tí a dé Douala, ọkọ mi ní òun máa gbé wa jáde. Àwa méjèèjì, àwọn ìbejì wa, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti ń ṣòwò ní ìlú náà láti ọjọ́ pípẹ́. Hótẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló mú wa lọ, èyí tí ilé oúnjẹ rẹ̀ àti ilé tẹ́tẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan náà. A jókòó, a sọ ohun tí a fẹ́ jẹ. Agbáwo ní yóò gbà tó ogójì ìṣẹ́jú. Ni ọkọ mi bá dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wo inú ibẹ̀ yẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè. "Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó o. Ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ibi ìwòran."

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni."

Oúnjẹ dé, kò dé. Oúnjẹ tutù, kò dé. Àwọn ọmọ jẹun tán, ọ̀kan ti ń sùn lórí àga. Nígbà tó padà, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Owó tí a yà sọ́tọ̀ láti fi gbé àwọn ọmọ lọ wo òkun ní Limbe ti wọlé kàlòkàlò lọ.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ dójú ti ọkọ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, kí ìdílé mìíràn lè rí i kọ́gbọ́n. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn jẹun ní irú hótẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ibẹ̀ máa ń dára, ó máa ń mọ́, àwọn ọmọ sì máa ń gbádùn ìjókòó ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi gbé ìkòkò ọbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tẹ́tẹ́.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe ti òní. Ní Las Vegas ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1940 sí 1950, hótẹ́ẹ̀lì El Rancho Vegas bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ kalẹ̀ tọ̀sán tòru: kéèyàn san dọ́là kan, kó sì jẹ títí yóò fi yó. Dọ́là kan kò lè san owó oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yó, tí kò sì jáde, á padà sídìí tẹ́tẹ́, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rí owó wọn. Àwọn hótẹ́ẹ̀lì tó kù rí i, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, Sun City ṣí ní 1979 pẹ̀lú ilé oúnjẹ, eré àti tẹ́tẹ́ lójú kan. Ní Èkó níbí, Federal Palace ní Victoria Island ní ilé tẹ́tẹ́ àti ilé oúnjẹ. Ẹ̀pà tí wọ́n fi sórí pàkúté, kì í ṣe nítorí ìfẹ́ eku ni wọ́n fi fi í síbẹ̀.

Ṣé onílé kì í pàdánù ni? Ẹ wo róólẹ́tì, àgbá yíyí tí bọ́ọ̀lù kékeré ń sáré nínú rẹ̀. Irú ti Yúróòpù ní nọ́ńbà 37, láti òdo dé 36. Bí ẹ bá fi 1,000 fráǹkì lé nọ́ńbà kan, tó sì jáde, wọ́n á fún yín ní 35,000, wọ́n á sì dá 1,000 yín padà. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n 36,000 yẹn ì bá jẹ́ owó tó tọ́ ká ní nọ́ńbà 36 ló wà. Ẹyọ kan tó lé yẹn ni onílé ń jẹ. Tí a bá ṣírò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nínú 100,000 fráǹkì tí wọ́n bá fi ta tẹ́tẹ́, nǹkan bí 2,700 ló ń dúró sọ́wọ́ onílé. Bó ṣe kéré yẹn, ẹni tó ń ta á léraléra kì í pẹ́ ta 100,000, kó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ti kàlòkàlò sì máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ jẹ́ ohun tí ẹ bá lọ, nítorí oúnjẹ Douala tó ohun tí èèyàn ń bá lọ. Orúkọ Kamẹrúùn gan-an, inú odò ni wọ́n ti fi àwọ̀n kó o. Ní nǹkan bí 1472, àwọn atukọ̀ Pọtogí dé odò Wouri tí Douala wà létí rẹ̀. Edé pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Rio dos Camarões, Odò Edé. Títí di òní, edé ṣì wà nínú ndolé, ọbẹ̀ ewúro tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ sè. Miondo, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n dì sínú ewé ní tín-ínrín, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, tàbí dòdò. Koki kò ní ṣàjèjì sí yín: ẹ̀wà lílọ̀ pẹ̀lú epo pupa nínú ewé ni, ìbátan mọ́ínmọ́ín wa. Poulet DG sì jẹ́ adìẹ tí wọ́n fi dòdò àti ẹ̀fọ́ sè pọ̀. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí adìẹ ọ̀gá àgbà, nítorí wọ́n ní ọ̀gá nìkan ló lè san owó rẹ̀.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí. Ẹ wo ìwé oúnjẹ. Bí wọ́n bá kọ TTC sí i, owó orí ti wà nínú iye yẹn. Bí ó bá jẹ́ HT, owó orí 19.25 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ń bọ̀: oúnjẹ 10,000 á di 11,925. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ná ọjà Kútọnu tàbí Lomé, ẹ ṣọ́ra, sẹ́fà ibẹ̀ kì í ṣe sẹ́fà Kamẹrúùn. Iye kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n báńkì tó ń tẹ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ kò sì lè fi ti Kútọnu ra nǹkan ní Douala.

Ẹ béèrè bóyá ilé oúnjẹ ní ilẹ̀kùn tó kọjú síta, kí ẹ má baà gba àárín kàlòkàlò kọjá. Ẹ béèrè fún plat du jour, oúnjẹ tí wọ́n sè fún ọjọ́ náà, nítorí òun kì í pẹ́ dé. Ìdúró gígùn ló ń gbé èèyàn dìde lórí àga. Iye tí ẹ máa jẹ nìkan ni kí ẹ mú dání, kí ẹni tí kò fẹ́ràn tẹ́tẹ́ sì mú un lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a kò lè lọ sí Limbe mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi mú wa lọ sí Youpwé, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹja wálẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi. A jẹ ẹja yíyan pẹ̀lú ata, lórí àga pákó, nínú èéfín. Kò sẹ́ni tó dìde lórí àga. Ọkọ mi yọ egungun ẹja fún àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe, ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Àǹtí, ẹ ṣeun. Ó yẹ kí n ti gbọ́ tiyín lánàá."

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹun," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Ẹja yìí ń tutù."