Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀, Ètò Àtijọ́ àti Àmì Ohùn Yorùbá

Ọjà òkìrìkà ni Kantamanto ní ìlú Accra. Èbúté Tema tí aṣọ àlòkù ń gbà wọ Gánà ni kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ náà ń gbà wọlé. Bí ọlọ́gbọ́n oníbàárà ti ń yẹ ojú rírán aṣọ wò ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè yẹ kọ̀ǹpútà wò.

Kọ̀ǹpútà a máa falẹ̀ bí ètò tí ń darí rẹ̀ bá wúwo ju ìrántí rẹ̀ lọ. Windows Vista, tó dé ọjà ní 2007, ń béèrè mẹ́gábáìtì 512 ó kéré tán. 64 tó fún Windows XP ti ọdún 2001. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń dá ẹ̀rọ ogbó padà sí XP.

Ṣùgbọ́n ìyára nìkan kò tó. Unicode fún "ọ" ní àyè tirẹ̀, kò fún "ọ́" ní ọ̀kan: ẹ̀rọ ni yóò gbé àmì ohùn lé lẹ́tà náà lórí. Bí ètò tàbí fọ́ńtì àtijọ́ kò bá lè ṣe é, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀.

Microsoft sì ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò XP dúró ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹrin, 2014. Kò yẹ kí a so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ̀yà Linux fífúyẹ́ tí a ṣì ń tún ṣe ló sàn jù. Èyí tó wù kí olùkọ́ yàn, kí ó kọ́kọ́ tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ wò.