Egbò Asofẹ́yẹjẹ

Láyé àwọn baba wa, kò sí bí ará ọjà Ọjà'ba, ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, kò ṣe ní mọ egbò yìí, èyí tí oníṣègùn ń sè fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, títí ara á fi rọ̀ ọ́, tí oorun á sì gbé e lọ. Ní 1952 ni àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ reserpine, èròjà tó ń pẹ̀rọ̀ sí wèrè àti ẹ̀jẹ̀ ríru, lára igi ọmọ ìyá asofẹ́yẹjẹ ti Íńdíà. Ó wà nínú tiwa pẹ̀lú, kò sì yà wá lẹ́nu. Àmọ́ egbò tó ń jẹ́ náà ló ń pani: bí ó bá pọ̀ jù, èébì á dé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ kọjá ààlà, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ìbànújẹ́ á sì dorí ẹni kodò. Ẹ má ṣe dá a sè mu.