Awò VR dé Onigbolo: èrò wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọn kò padà wá mọ́

Lọ́jọ́ ọjà kan ní Onigbolo, èrò pé lé tábìlì kékeré kan lórí bíi pé wọ́n ń pín owó níbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé ló gbé awò dúdú ńlá kan síbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní VR. Ẹni tó bá san 200 fáráǹkì, yóò dè é mọ́ ọn lójú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá ti bo ojú tán, ọjà á pòórá, onítọ̀hún á bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, ẹja á máa wẹ̀ kọjá létí rẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta gàrí dè é. Ó kígbe, ó na ọwọ́ gbá ẹja tí kò sí níbẹ̀, díẹ̀ ló kù kó da igbá gàrí ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ nù. A rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà dè é, òòyì kọ́ mi, mo ní láti wá ibi jókòó sí.

Nígbà tí mo padà débẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀dọ́kùnrin náà nìkan ló jókòó ti tábìlì rẹ̀. "Àǹtí, gbogbo ẹni tó fẹ́ wò ó ti wò ó tán," ló wí fún mi. "Kò sẹ́ni tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì." Owó tó ń tù jọ láti fi ra alùpùpù tí yóò máa fi ṣe zémidjan ló fi ra awò náà ní tòkunbọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí pé a jẹ́ ará oko ni o. Àwọn olówó ayé gan-an ń wá ojútùú sí i. Facebook ra Oculus, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe awò yìí, ní bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ́dún 2014. Lọ́dún 2021, ó tilẹ̀ yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Meta nítorí ayé inú awò yìí. Síbẹ̀, ẹ̀ka tó ń bójú tó o pàdánù ju bílíọ̀nù 16 dọ́là lọ lọ́dún 2023 nìkan. Google ti pa tirẹ̀ tó ń jẹ́ Daydream tì lọ́dún 2019. Microsoft náà dáwọ́ ṣíṣe HoloLens 2 dúró lọ́dún 2024.

Owó rẹ̀ ga lóòótọ́. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Benin fàyè gbà, ìyẹn SMIG, jẹ́ 52,000 fáráǹkì láti ọdún 2023. Awò Meta tí kò wọ́n púpọ̀, Quest 3S, jáde lọ́dún 2024 ní 299 dọ́là. Ìyẹn tó 180,000 fáráǹkì, ó ju owó oṣù mẹ́ta lọ, a ò tíì sọ ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Vision Pro ti Apple jáde ní 3,499 dọ́là, ó ju mílíọ̀nù 2 fáráǹkì lọ. Ẹni tó ń gba SMIG yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́ta lọ láìjẹ láìmu kó tó rà á.

Ṣùgbọ́n fóònù náà wọ́n nígbà tó kọ́kọ́ dé, a sì rà á. Ẹni tó ń ta epo pupa ní Pobè ń fi pe Sakété láti béèrè iye tí wọ́n ń tà á kó tó kó ẹrù sọ́kọ̀. Oníbàárà ń fi MoMo ránṣẹ́ owó. Fóònù ń san gbèsè ara rẹ̀. Ìyá onígàrí yẹn ló là á yé mi: "Ọmọ mi, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bí mo bá bo ojú mi báyìí, ta ni yóò bá mi ṣọ́ gàrí?"

Kò sì rọrùn fún ara. Quest 3 wúwo ju ìdajì kílò lọ, iwájú ojú ló sì rọ̀ mọ́. Nínú ooru tiwa yìí, òógùn á bo gíláàsì rẹ̀. Obìnrin tó wé gèlè ní láti tú u kó tó lè dè é. Ojú á ní à ń rìn, ara á ní a jókòó, ibẹ̀ ni òòyì ti ń wá. Bátìrì rẹ̀ kì í lò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń wò ó, nígbà tí gbogbo agbo ilé lè jọ jókòó ti fíìmù kan.

Ibi tó ti rí iṣẹ́ ṣe, àwọn tó ń lò ó kò fi owó ara wọn rà á. L'Ékòó, Judith Okonkwo dá Imisi 3D sílẹ̀ lọ́dún 2016, wọ́n sì ń gbé awò yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé. Joel Kachi Benson fi ṣe fíìmù nípa àwọn ìyá tí wọ́n jí ọmọ wọn gbé ní Chibok lọ́dún 2014. Ẹni tó bá dè é, ńṣe ló máa dà bíi pé ó jókòó sínú ilé pẹ̀lú ìyá náà. Fíìmù ọ̀hún gba àmì ẹ̀yẹ ní Venice, ní Ítálì, lọ́dún 2019. L'Amẹ́ríkà, Walmart kéde lọ́dún 2018 pé òun yóò kó 17,000 awò fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ òun. Ìlú tó ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì bíi tiwa yóò tètè mọ àǹfààní kéèyàn kọ́ nípa ewu ẹ̀rọ kó tó dúró tì í.

Mo sọ èyí fún ọ̀dọ́kùnrin wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbé e lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní Pobè. Olùkọ́ náà dè é, ó gbádùn rẹ̀, ó wá béèrè pé èdè wo ló ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni. Faransé làwọn ọmọ náà fi ń kàwé, Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé.

Awò náà ti padà sínú páálí rẹ̀ báyìí, lábẹ́ ibùsùn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ rà á, ó ní òun yóò dín iye rẹ̀ kù, kí òun ṣáà ti rí owó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dájọ fún alùpùpù.