Ìkànnì Tí Etí Ń Kà

Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran ń lo íntánẹ́ẹ̀tì bíi tiyín. Ó ń fowó ránṣẹ́, ó ń ka ìròyìn, ó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ètò kan ló wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń ka ohun tó wà níbẹ̀ sí i létí. VoiceOver ni ti iPhone, TalkBack ni ti Android. Àwọn tó ń lo Windows ní NVDA, ọ̀fẹ́ sì ni: Michael Curran, ọmọ Ọsirélíà tí kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006, kí ọ̀wọ́n irú ètò bẹ́ẹ̀ má baà lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nídìí kọ̀ǹpútà.

Ètò yìí kì í wo ìkànnì bí a ṣe ń wò ó. Kóòdù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ohun tí oníṣẹ́ tó kọ ìkànnì kò bá kọ sínú kóòdù, ẹni tó ń fi etí kà kò ní gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwé. Oníṣẹ́ kọ “Nọ́ńbà fóònù”, ó fi àpótí òfo sábẹ́ rẹ̀. Ojú tó ríran ti so méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá fi àmì label so wọ́n pọ̀ nínú kóòdù, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran lè gbọ́ kò ju pé àpótí ìkọ̀wé kan wà níbẹ̀, ó ṣófo. Kí ni kó kọ? Orúkọ ni, àbí ọjọ́ ìbí? Bó bá tilẹ̀ méfò tó sì gbà á, bọ́tìnnì “Fi ránṣẹ́” ṣì wà níwájú. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í lo button gidi. Div, àpótí lásán nínú kóòdù, ni wọ́n ń kùn láwọ̀ kó lè jọ bọ́tìnnì. Máòsì á tẹ̀ ẹ́. Tab orí kíbọọ̀dù á fò ó kọjá, ètò tó ń kàwé kò sì ní pè é ní bọ́tìnnì. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ̀rọ̀ sí gbogbo àpótí tán, fọ́ọ̀mù lè má lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò lè lo máòsì, há síbẹ̀ bákan náà. Èyí ló ń dùn mí jù, torí button gidi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀, kò sì ṣòro kọ rárá.

Bí àṣìṣe bá wà nínú fọ́ọ̀mù, ẹ má kàn fi pupa yí àpótí ká. Ẹni tí kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé lè má rí i. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé nọ́ńbà náà kò pé.

Àwòrán ń fẹ́ ọ̀rọ̀ nínú alt, ọ̀rọ̀ tó sọ ohun tí àwòrán náà wà fún. Bí ẹ bá gbàgbé alt, ètò lè máa ka orúkọ fáìlì, nọ́ńbà àti àmì gbogbo. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán ni, ẹ fi alt sílẹ̀ lófìfo, á sì fò ó. Fídíò ń fẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ nísàlẹ̀ fún adití. Àkọlé sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àkọlé nínú kóòdù, torí ẹni tó ń lo NVDA máa ń tẹ H láti fò láti orí àkọlé kan bọ́ sórí èkejì. Lẹ́tà tí ẹ kàn mú kó nípọn kò lè dá a dúró.

Ní ti àwọ̀, WCAG, ìlànà ìkànnì tí àjọ W3C kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1999, tí ẹ̀dà 2.2 rẹ̀ jáde lọ́dún 2023, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Lẹ́tà ńlá lè jẹ́ 3 sí 1. Àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ lórí funfun, tí àwọn ayàwòrán ìkànnì fẹ́ràn, kì í débẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń gbé ìwé Yorùbá sí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ lang="yo" sínú kóòdù. Bí ẹ bá fi “en” síbẹ̀, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ á fi ka Yorùbá yín, ohun tó máa jáde kò ní yé ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó ṣí ìkànnì yín fáráyé, ẹ gbé máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fi Tab nìkan gba ibẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó ń lo NVDA tàbí TalkBack lójoojúmọ́, ẹ sanwó iṣẹ́ fún un, kí ó gbìyànjú àtiforúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lójú yín. Ibi tó bá ti dúró, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe.