Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Ọmọ Yín Fi Òrè Pamọ́

Bí ọmọbìnrin kan tí a bí ní Òrè bá dé ìlú mìíràn, ìbáà jẹ́ ilé ọkọ, ìbáà jẹ́ ilé ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ ọjà ni ó lọ ná, tí ẹnìkan sì béèrè ìlú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu pé, "Háà! Ó le kú, ìjà Òrè!" Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ìjà, ọ̀rọ̀ adigunjalè ni. Bí kì í bá ṣe ti adigunjalè, ti kòtò ojú ọ̀nà ni. Ẹni tí ó sọ ọ́ lè má gbèrò ibi kankan; ẹ̀rín ni ó ń fi rín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Òrè àti Òdìgbó, àti ẹ̀yin tí ẹ lọ́kọ síbẹ̀, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti í dun ni tó nígbà tí a bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹwàá.

Nítorí èyí, àwọn kan ti wá ọgbọ́n dá sí i. Bí a bá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá, wọn a ní Oǹdó ni, tàbí Àkúrẹ́, tàbí kí wọ́n kàn sọ pé, "Apá ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni." Ẹ̀yin abiyamọ, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ a máa gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún àlejò. Ìyá tí ó bá fi orúkọ ìlú rẹ̀ pamọ́ lójú ọmọ ti kọ́ ọmọ náà pé ohun ìtìjú ni orísun rẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí ilé rẹ̀ bá ń tì í lójú, kí ni yóò gbé orúkọ tirẹ̀ lé lórí?

Àwọn ará Òrè àti Òdìgbó kì í dákẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ ìlú wọn ní àìdáa, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n kí a bínú nìkan kò tó. Ẹni tí yóò gbèjà ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ilé náà, kí ó sì mọ ibi tí ẹ̀gàn ti wọlé wá.

Ibi tí "ìjà Òrè" ti ṣẹ̀ wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pa àṣà yìí tí wọn kò mọ ìtàn rẹ̀. Àwọn kan rò pé oníjà ni àwọn ará Òrè, pé wọ́n a máa lu àlejò, tàbí pé wọ́n a máa bá ara wọn jà ní ọjà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà ni ó bí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba orí afárá odò Ọya kọjá sí Asaba, wọ́n sì gba ìlú Benin ní ọjọ́ náà gan-an. Victor Banjo, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ni olórí ogun wọn. Láti Benin ni wọ́n ti kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Èkó, tí ó jẹ́ olú ìlú Nàìjíríà ní àkókò náà, kò sì jìnnà sí wọn mọ́. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti dé Òrè. Òrè ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti pàdé wọn, ibẹ̀ ni ogun náà sì dúró sí. Wọn kò kọjá síwájú. Nígbà tí ó di ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọ ogun tí Murtala Mohammed jẹ́ ọ̀gá wọn ti gba Benin padà.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn tí ó ja ìjà náà ní ìhà méjèèjì, láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti kó wọn wá. Ará Òrè kọ́ ni ó dá ogun sílẹ̀, kò sì pe ẹnikẹ́ni wá jà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, oníṣòwò ni, agégẹdú ni. Nínú irú ogun bẹ́ẹ̀, kí ìyá pọn ọmọ, kí ó ki ẹrù mọ́lẹ̀, kí ó sì wá ibi ìsádi ni ìpín aráàlú. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi ogun tí ó bá ni lálejò sọ ni lórúkọ?

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá tún sọ fún ọmọ yín pé "Ó le kú, ìjà Òrè," ẹ kọ́ ọmọ náà kí ó dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Òrè ni ogun dé tí kò fi dé Èkó." Ìdáhùn náà kò ní èébú nínú, òtítọ́ sì ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ di ohun tí yóò fi halẹ̀ mọ́ ọmọ Ìgbò tí ó jókòó tì í ní kíláàsì. Ogun náà parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Láti ìgbà náà wá, ọkọ̀ tí ó ń gbé àwọn ará ìlà-oòrùn lọ sílé ń dúró ní Òrè yìí kan náà, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ a sì sọ̀kalẹ̀ jẹ oúnjẹ ní ibi tí ìbọn ti dún rí. Èyí náà jẹ́ ara ìtàn Òrè, ó sì yẹ kí ọmọ gbọ́ ọ.

Ọ̀nà kì í ṣe ìlú

Ẹ̀gàn kejì ni ti ojú ọ̀nà. A kò ní purọ́ fún ara wa: adigunjalè ti dá ọkọ̀ lọ́nà láti Sàgámù dé Benin, àwọn ajínigbé sì ti ṣe ibi nínú igbó rẹ̀. Ọ̀nà náà ti bàjẹ́ rí débi pé àwọn arìnrìn-àjò a máa sùn sí ojú títì. Ní ọdún 2007, nígbà tí Diezani Alison-Madueke tí ó jẹ́ mínísítà fún ètò ìrìnnà lọ wo ọ̀nà náà, ẹkún ni ó sun ní gbangba nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó ni ọ̀nà? Ìjọba àpapọ̀ ni. Ìlú Òrè kọ́ ni ó là á, òun kọ́ ni ó sì fi í sílẹ̀ tí ó fi bàjẹ́. Ọ̀nà náà gba ìpínlẹ̀ Ògùn kọjá, ó gba Oǹdó, ó sì wọ Ẹdó. Ìrìn wákàtí púpọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé Òrè ni ìlú tí gbogbo arìnrìn-àjò mọ̀ ní àárín rẹ̀, bí ọkọ̀ bá dànù nínú igbó tí ó jìnnà sí ìlú, wọn a ní "ní Òrè" ni. Bí olè bá jà ní ibi tí ará Òrè kan kò dé rí, wọn a tún ní "ní Òrè" ni. Báyìí ni a ṣe di ẹrù gbogbo ọ̀nà gígùn náà ru ìlú kan ṣoṣo.

Ohun tí àwọn ènìyàn sì máa ń gbàgbé ni pé ará ibẹ̀ gan-an ni ìyà ọ̀nà náà kọ́kọ́ ń jẹ. Arìnrìn-àjò a kọjá ní ọjọ́ kan, ó di ìgbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀bá títì, ojoojúmọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń sọdá títì lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọkọ rẹ̀ ni ó ń gba inú igbó náà lọ sí oko. Bí ọ̀nà kò bá dára, ọjà rẹ̀ ni ó ń rà sínú ọkọ̀. Ẹni tí ìyà ń jẹ ni a tún ń pè ní oníyà.

Òrè tí àlejò kò rí

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí a bá rí láti ojú fèrèsé ọkọ̀ kì í ṣe ìlú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn títì.

Òrè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn ènìyàn ìjọba ìbílẹ̀ náà lé ní 230,000. Òdìgbó fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú aládé, Ọ̀rúnjà sì ni oyè ọba wọn. Araromi-Obu tí a mọ̀ mọ́ oko rọ́bà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ajue àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé tí ó ń gbin kòkó, obì, ọ̀pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́. Igbó ọba Olúwa wà ní agbègbè náà, àwọn pákó tí a fi kan òrùlé púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá sì ti ibi ìlagi Òrè jáde. Ó lè jẹ́ pé ibùsùn tí ẹ̀ ń sùn lé lórí lónìí, igi Òrè ni.

Oríta ni Òrè. Ọ̀nà Èkó sí Benin àti ọ̀nà Oǹdó sí Òkìtìpupa pàdé níbẹ̀. Ohun tí ó pàdé ní oríta kì í ṣe ọkọ̀ nìkan: Yorùbá, Ìgbò, Hausa, Ìgbìrà àti Ùròbò ń gbé pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń ná ọjà kan náà, ọmọ wọn sì ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà. Ní àkókò ìjọba Rótìmí Akérédolú, tí ó jẹ́ gómìnà láti 2017 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 2023, wọ́n kọ́ afárá sí oríta náà, wọ́n sì dá ọgbà ilé iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ ní Òrè pẹ̀lú àwọn ará Ṣáínà.

Àwọn tí orúkọ wọn bàjẹ́ rí, tí wọ́n sì tún un ṣe

Òrè nìkan kọ́ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní Èkó, ìgbà kan wà tí ẹni tí ó ń gbé Àjẹgúnlẹ̀ kì í fẹ́ sọ ibùgbé rẹ̀ bí ó bá ń wá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ibẹ̀ bí Daddy Showkey olórin àti Odion Ighalo agbábọ́ọ̀lù di ẹni tí ayé mọ̀, tí wọn kò sì sẹ́ Àjẹgúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọdé rí i pé ẹni iyì lè ti ibẹ̀ jáde.

Ní òkè òkun pẹ̀lú, ìlú Glasgow ní Scotland ti gba orúkọ ìlú ìpáǹle àti ìlú ìṣẹ́. Ní ọdún 1983, àwọn alákòóso ìlú náà bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ńlá láti sọ fún ayé pé ìlú àwọn sàn ju bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ. Wọn kò fi ẹnu nìkan ṣe é. Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n ṣí ilé ńlá kan tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà iyebíye sí, kí àlejò lè rí ohun tí yóò wò. Nígbà tí ó di 1990, Glasgow ni a yàn ní ìlú àṣà fún gbogbo Yúróòpù. Ẹnu ni wọ́n fi gbèjà, ọwọ́ ni wọ́n fi tún un ṣe.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ abiyamọ

Ẹ̀yin ìyàwó ilé lè sọ pé, "Kí ni èmi lè ṣe? Èmi kì í ṣe ọba, èmi kì í ṣe akọ̀wé ìròyìn." Ohun tí ẹ lè ṣe pọ̀.

Èkíní, ẹ sọ ìtàn ìlú fún ọmọ yín ní èdè ilé, kí ó tó gbọ́ ọ ní ẹnu ẹlẹ́yà. Ọmọ tí ó bá ti mọ òtítọ́ kì í tètè sunkún. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú un lọ sílé ní ìgbà ìsinmi, kí ó mọ bàbá àgbà rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ já kòkó.

Èkejì, bí ẹ bá ń ta nǹkan ní ẹ̀bá títì, ẹ rántí pé ẹ̀yin ni Òrè ní ojú arìnrìn-àjò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọkọ̀ yóò fi dúró. Bí abọ́ yín bá mọ́, tí oúnjẹ yín gbóná, tí ẹ kò sì fi owó lé ọjà nítorí pé àlejò ni, ẹni náà yóò ròyìn Òrè rere dé ilé. Bí ẹ bá sì rẹ́ ẹ jẹ, ẹ̀gàn tí a ń sá fún ni ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ. Ẹni tí ó ń gbèjà ìlú kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ń bà á jẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe bo ohun tí kò dára mọ́lẹ̀ ní orúkọ ìfẹ́ ìlú. Bí ẹ bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní owó tí kò ní iṣẹ́, ẹ má ṣe kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òun náà ni yóò ta orúkọ ìlú.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì kan ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Òrè: ẹ ṣọ́ ẹnu yín lórí ìlú oní-ìlú. Ẹ̀gàn tí a fi ń ṣe àwàdà lè ba ìgbéyàwó jẹ́. Bí ọmọ yín bá mú àfẹ́sọ́nà wálé láti Òrè tàbí láti ìlúkílùú tí ayé ń gàn, ìwà ọmọ náà àti ilé tí ó ti jáde ni kí ẹ wádìí. Ẹ má ṣe fi kòtò ojú ọ̀nà díwọ̀n ọmọ ènìyàn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn bí kò bá sí ẹni tí yóò sọ ọ́. Nígbà tí a bá tún bi yín léèrè ìlú yín, ẹ dá a lóhùn ketekete kí ọmọ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ yín gbọ́: "Òrè ni mo ti wá."