Àwòrán Ènìyàn: Bí Àwọn Ayàwòrán Ilé Ṣe Ń Yà Á àti Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Lè Rí Kọ́ Nínú Rẹ̀

Àwòrán ènìyàn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pọ́tíréètì, ni àwòrán tí a yà nítorí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ya ọjà kan ní Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ìyá alátẹ kan sì bọ́ sínú rẹ̀, ọjà ni ó yà. Ṣùgbọ́n bí ó bá sún mọ́ ìyá náà, tí ó gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì jẹ́ kí ojú, aṣọ àti ìdúró rẹ̀ di ohun tí òǹwòran yóò kọ́kọ́ rí, pọ́tíréètì ni ó yà. Orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí ó kù dúró lé, nítorí pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí a ń gbà ya ènìyàn ń dáhùn ìbéèrè kan náà, èyí ni ohun tí a fẹ́ kí ẹni tí yóò wo àwòrán náà mọ̀ nípa ẹni tí a yà.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò lónìí, yálà akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè tí ó ń ya àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìgboyè, tàbí ọmọṣẹ́ tí ó ń gbé kámẹ́rà tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí òde ìnáwó, ni ó gbà pé òkè òkun ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà ti wá. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ Faransé ni a ti kéde ọgbọ́n ìyafọ́tò tí Daguerre, ará ibẹ̀, gbé kalẹ̀ fún aráyé ní ọdún 1839, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó ti ibẹ̀ wá. Ní ti bí a ṣe ń gbé ènìyàn kalẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà, ilẹ̀ Yorùbá ní ìlànà tirẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó gan-an sì wà lára ibi tí a ti ṣe ìwádìí nípa rẹ̀. Stephen Sprague, ayàwòrán àti olùwádìí ará Amẹ́ríkà, bẹ àwọn onífọ́tò wò ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní ọdún 1978. Ohun tí ó fi yé àwọn òǹkàwé rẹ̀ ni pé àwọn onífọ́tò wọ̀nyí kò kàn ń tẹ bọ́tìnnì, pé wọ́n mọ ohun tí àwùjọ wọn kà sí àwòrán tí ó pé, wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nínú àwọn àwòrán tí Sprague ṣàlàyé, èyí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ̀ yà ni àwòrán àgbà ní ìjókòó. Ẹni tí a fẹ́ yà yóò wọ aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀ tí ó dára jù, yóò jókòó, yóò kọjú sí kámẹ́rà tààrà, yóò ya ẹsẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́, kí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ sì hàn, yóò gbé ọwọ́ lé itan tàbí orúnkún, ojú rẹ̀ yóò sì fara balẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ olóyè, ìlẹ̀kẹ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ tàbí ọ̀pá oyè rẹ̀ yóò wà níbi tí ojú yóò ti tètè rí i. Sprague so ìlànà yìí pọ̀ mọ́ ohun tí Robert Farris Thompson, olùwádìí iṣẹ́ ọnà, ti gbọ́ lẹ́nu àwọn Yorùbá tí wọ́n mọ ère wò, pé ère tí ó dára gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn níwọ̀nba, pé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fara hàn kedere, pé ó sì yẹ kí ó fi ẹni náà hàn ní ìgbà tí agbára rẹ̀ pé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wo fọ́tò bàbá bàbá rẹ̀ lára ògiri pálọ̀, tí ó sì ń sọ pé ará àtijọ́ kò mọ fọ́tò dúró sí, kò tíì mọ ohun tí ó ń wò, nítorí pé ìjókòó náà ni ó ń sọ ipò, ọjọ́ orí àti ìwà ẹni náà fún un.

Yíyà irú àwòrán yìí kò le, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìfarabalẹ̀. Ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí ìbámu àyà ẹni tí ó jókòó, nítorí pé bí a bá yà á láti òkè, àgbà yóò kéré, bí a bá sì yà á láti ìsàlẹ̀ jù, àgbọ̀n àti ihò imú ni yóò kún inú àwòrán. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn títí gèlè tàbí fìlà yóò fi wọlé lókè tí bàtà yóò sì wọlé nísàlẹ̀, pẹ̀lú àyè díẹ̀ yí ká, kí a má baà gé ẹsẹ̀ àgbà kúrò nínú fọ́tò. Bí aṣọ tí ẹni náà wọ̀ bá ní ọnà púpọ̀, kí aṣọ tí a ta sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ kan ṣoṣo.

Ọ̀nà ti Yúróòpù yàtọ̀ sí èyí, ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí sì wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tí a kọ́kọ́ mọ̀ pé a yà bẹ́ẹ̀. Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì kó lẹ́rú ní kékeré, tí a sì mú lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1850, fẹ́ oníṣòwò James Davies ní ọdún 1862, ní ọdún kan náà ni ayàwòrán ará Faransé, Camille Silvy, yà wọ́n ní sitúdíò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Fọ́tò pélébé tí a lẹ̀ mọ́ káàdì ni, irú èyí tí àwọn ènìyàn ìgbà náà máa ń pín fún ọ̀rẹ́ tí wọ́n sì ń kó jọ sínú álíbọ́ọ̀mù. Nínú irú àwòrán Yúróòpù bẹ́ẹ̀, ẹni tí a ń yà sábà máa ń yí èjìká sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ojú rẹ̀ ni a ó sì rí. Ìdúró yìí máa ń dín ìbú ara kù, ó sì ń jẹ́ kí ojú ní òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, èyí ni ó fi bá ọmọge àti ọ̀dọ́mọkùnrin mu nínú fọ́tò ọjọ́ ìbí tàbí ti ìgbéyàwó. Ọ̀nà méjèèjì ni ó dára. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a mú ti ọmọge lọ ya baálé ilé.

Kò sí ibi tí ọgbọ́n àwọn onífọ́tò Yorùbá ti jinlẹ̀ tó ti àwòrán ìbejì. Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti máa ń gbẹ́ ère fún èyí tí ó bá kú nínú ìbejì, tí ìyá yóò máa wẹ̀ ẹ́, tí yóò máa wọ̀ ọ́ láṣọ, tí yóò sì máa fún un ní oúnjẹ. Nígbà tí fọ́tò wọ́pọ̀, àwọn ìdílé kan fi í rọ́pò ère, olùwádìí Marilyn Houlberg àti Sprague sì ṣàkọsílẹ̀ bí àwọn onífọ́tò ṣe ń ṣe é. Bí ọ̀kan bá ti kú kí a tó yà wọ́n pọ̀, onífọ́tò yóò ya èyí tí ó kù, yóò sì tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó tira wọn. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, èyí tí ó kù yóò wọ aṣọ tirẹ̀ fún àwòrán kan, yóò sì wọ aṣọ ẹnì kejì rẹ̀ fún èkejì. Inú yàrá òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣe èyí, pẹ̀lú fíìmù àti oògùn ìfọ̀fọ́tò, kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá ń fi fóònù so àwòrán méjì pọ̀ lónìí ń tẹ ojú ọ̀nà tí wọ́n ti là, ó sì yẹ kí ó mọ̀ pé ọ̀fọ̀ àti ìfẹ́ òbí ni ó kọ́ wọn ní ọgbọ́n náà.

Ní ti aṣọ ẹ̀yìn tí a mẹ́nu bà lókè, ní Bàmákò ní ilẹ̀ Málì, onífọ́tò Seydou Keïta ṣí sitúdíò ní ọdún 1948, ó sì sọ ọ́ di ohun tí ojú ń wò pẹ̀lú ènìyàn. Aṣọ ọlọ́nà ni ó máa ń ta sí ògiri, aṣọ ọlọ́nà ni àwọn oníbàárà rẹ̀ náà sì máa ń wọ̀ wá, síbẹ̀ ènìyàn kò sọnù nínú rẹ̀, nítorí pé ojú àti ọwọ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń bá jù. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ nínú àgbàlá ni ó fi ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó iná sitúdíò fi èyí ṣe ìwúrí: abẹ́ ìbòòji ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí gbangba, tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tó láti fi ya àwòrán tí yóò pẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, tí òjìji bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, tí ìmọ́lẹ̀ onígun mẹ́ta kékeré kan sì kù lábẹ́ ojú ní apá òjìji náà, èyí ni a ń fi orúkọ Rembrandt, ayàwòrán ọlọ́dà ará Nẹ́dálándì, pè. Ó dára fún ojú tí ó ní ìtàn láti sọ. Bí òjìji bá pọ̀ jù, páálí funfun tí a gbé sí apá òkùnkùn yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ kò lè parí láìsọ ti àwọ̀ ara, nítorí pé àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò rò ti ènìyàn dúdú mọ́ ọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí ilé iṣẹ́ Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fọ fíìmù, kí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá àwọ̀ gún, ni a mọ̀ sí káàdì Shirley, obìnrin òyìnbó ni ó sì wà lórí rẹ̀. Ẹni dúdú tí a yà pẹ̀lú fíìmù náà sì lè di ẹyinjú àti eyín lásán. Ìwádìí onímọ̀ Lorna Roth fi hàn pé ìráhùn àwọn tí ń polówó ṣokoléètì àti àga onígi ṣe ipa nínú mímú fíìmù náà sunwọ̀n sí i, nítorí pé àwọ̀ ọjà wọn kò hàn dáadáa. Ní ọdún 2021 pàápàá, Google ṣì ń kéde àtúnṣe kan fún kámẹ́rà fóònù Pixel rẹ̀ kí ó lè ya àwọ̀ dúdú bó ṣe yẹ. Ọgbọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò ni kí ó má fi gbogbo ìdájọ́ sílẹ̀ fún kámẹ́rà. Kámẹ́rà máa ń fẹ́ kí gbogbo ohun tí ó rí mọ́ níwọ̀n kan náà, nítorí náà bí léèsì funfun bá kún inú àwòrán, yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ẹni náà yóò sì ṣókùnkùn. Bí aṣọ ẹ̀yìn bá dúdú, yóò fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ojú yóò sì ràn bí ẹni tí ó bóra. Lórí fóònù, kí a fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí gíláàsì, kí a wá fa ìka náà sókè tàbí sísàlẹ̀ títí awọ ara yóò fi rí bí ó ṣe rí gan-an.

Bí a bá fẹ́ ya ojú nìkan, irú èyí tí a ń fi síwájú ìwé ìwáṣẹ́, kí a má gbé fóònù sún mọ́ imú ènìyàn, nítorí pé imú yóò wú, etí yóò sì kéré. Kí a sún sẹ́yìn bíi mítà kan ààbọ̀ tàbí méjì, kí a wá fa àwòrán náà mọ́ra. Ẹni tí ó ní kámẹ́rà olójú-pípààrọ̀ lè lo lẹ́ńsì oní-mìlímítà 85.

Ọ̀nà mìíràn ni kí a ya ènìyàn níbi iṣẹ́ tàbí níbi ìgbé ayé rẹ̀, kí àyíká lè bá a sọ̀rọ̀: agégẹdú láàárín ìtì igi ní sọ́míìlì Ìjẹ̀bú-Igbó, apẹja lẹ́bàá ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ní Ogun Waterside. Ohun tí kò bá ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹni náà, bí i ike omi tàbí ọ̀kadà ẹlòmíràn, kí a gbé e kúrò. Nígbà mìíràn, ẹni tí a kò pè ni ó máa ń mú àwòrán wá, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2016, nígbà tí Ọlájùmọ̀kẹ́ Òrìsàgúnà, oníbúrẹ́dì, rìn kọjá níbi tí ayàwòrán TY Bello ti ń ya olórin Tinie Tempah, tí àwòrán náà sì yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà. Bákan náà ni ti Fàrúùkù Òréàgbà lórí ẹṣin níbi ọdún Ojúde Ọba Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 2024, pẹ̀lú gíláàsì dúdú lójú, tí àwòrán rẹ̀ lọ káàkiri àgbáyé. Kò dúró fún ayàwòrán, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ojú ń wo òun, ó sì ti múra fún un. Ayàwòrán òde gbọ́dọ̀ mọ irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kí ó sì ti to ìyára ìpadé ojú kámẹ́rà rẹ̀ sí kíá, ó kéré tán ìdá kan nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹṣin tí ń jó má baà di kùrukùru.

Ẹ̀yìn orí pàápàá lè jẹ́ pọ́tíréètì. Onífọ́tò J.D. 'Okhai Ojeikere, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní Ìbàdàn kí ó tó tẹ̀dó sí Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ọdún 1968, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn, ó sì fi hàn pé ọwọ́ onídìrí àti ọrùn obìnrin lè sọ ẹni tí a ń wò. Ẹni tí kò sì rí ẹni tí yóò yà lè ya ara rẹ̀, bí onífọ́tò Samuel Fosso ti ṣe ní ìlú Bangui ní Àárín Gbùngbùn Áfíríkà láti ọdún 1975, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí ó ń fi ìyókù fíìmù oníbàárà ya ara rẹ̀ ní oríṣiríṣi ìmúra.

Ohun kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti agbègbè wọn lè ṣe tí ẹlòmíràn kò lè bá wọn ṣe. Fọ́tò àwọn àgbà àti négátíìfù àwọn sitúdíò àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí àti lára ògiri ilé, ikán, ooru àti òjò sì ń bá wọn jà. Kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni wọ́n, kí wọ́n ya ẹ̀dà wọn ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, kí wọ́n béèrè orúkọ, ọdún àti orúkọ onífọ́tò tí ó yà wọ́n lọ́wọ́ àwọn àgbà tí ó ṣì wà láyé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí.